Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀

Ìjà ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lórí búrẹ́dì. Alágbàfọ̀ ní ìyàwó òun gé e nípọn jù, pé bí wọ́n bá ń gé búrẹ́dì báyìí, kò ní í dé ọ̀la. Ìyàwó rẹ̀ ní kó mú ọ̀bẹ kó gé e fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà sì na ọwọ́ sí ọ̀bẹ lóòótọ́, obìnrin náà fà á sẹ́yìn, ó ní òun ò tíì rí ọkùnrin tó ń fi ojú wọn búrẹ́dì lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ bọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe búrẹ́dì ni wọ́n ń jà sí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Láti kékeré ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, nítorí bí ọmọ kan bá ṣubú lójú títì, òun ló máa ń sá jáde pẹ̀lú omi gbígbóná àti àkísà mímọ́ láti ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ìjọba gbà á. Ó yege nínú ìdánwò, ó sì yege lójú àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ohun kan ló kù: ìwé tó máa fi hàn pé ọmọ ìbílẹ̀ ìlú náà ni. Wọ́n ní kó mú un wá kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa mú. Ọjọ́ Ẹtì náà ló mọ́ bá wọn yìí.

Ìlú yẹn ni wọ́n bí Nọ́ọ̀sì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó wá pé kí wọ́n fi ṣọ́bìrì la títì tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń gbà lọ síbi iṣẹ́ títí dòní, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, ní itẹ́ òkú àwọn ará ìsàlẹ̀. Ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn tí ilé ìjọsìn wọn wà nísàlẹ̀ títì, ará òkè sì ni àwọn tí tiwọn wà lórí òkè. Àwọn ará òkè ló kọ́kọ́ dé. Àwọn náà wá láti ibì kan ni o, àmọ́ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé débi pé wọ́n ti gbàgbé ibẹ̀. Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn méjèèjì. Bó bá sá wọn sórí okùn pa pọ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí wọn nínú.

Ìyàwó rẹ̀, ará òkè ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Alága àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ sì ni òǹtẹ̀ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wà. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti fẹ́ ará ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí kò tẹsẹ̀ sí ilé wọn rí. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí dírẹ́bà rẹ̀ má gbé aṣọ rẹ̀ wá fún Alágbàfọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè lọ aṣọ kó dúró ṣánṣán bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà.

"Màá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi," ni obìnrin náà sọ.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ tó ń lọ̀, ó gbé e dúró. "Kí lo fẹ́ sọ fún un tí kò mọ̀?"

"Màá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni."

"Ó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ń gba iwájú mi kọjá, ó ń bá mi ṣàwàdà, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú tì mí títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí mo ṣe lọ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀."

Obìnrin náà ní ìtìjú kì í wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ní òun náà mọ̀. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, ó sì fi ẹ̀yìn sí i. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti di gèlè tán, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ló tó sọ̀rọ̀.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, bẹ̀ ẹ́. Kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ má fi ohun tí kì í ṣe tìẹ sílẹ̀ níbẹ̀."

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń rò ó pé ó yẹ kí òun ti dá a lóhùn.

Ògiri létí, èyí tó wà láàárín ilé wọn àti ìta sì tún fẹ́lẹ́. Nígbà tó jáde, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà àti onígbàjámọ̀ tó ń bá a tàkúrọ̀sọ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kí i, ó dá wọn lóhùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ṣé ibi ìwé náà ló ń lọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ mi orí, ó ní bí wọ́n bá ní kí kálukú padà síbi tí baba ńlá rẹ̀ ti wá, orí ta ló kù tí òun máa fá? Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kò tíì jìnnà nígbà tó gbọ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì rọra sọ̀rọ̀, pẹ̀lú irú ohùn kékeré tí wọ́n máa ń fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn gbọ́: "Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ló ní kó má wo ilé kó tó wọlé ọkọ?"

Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, pálọ̀ ìsàlẹ̀ ló sì fi ṣe ọ́fíìsì. Àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan wá gba ìwé ilẹ̀, àwọn kan wá fẹjọ́ aládùúgbò sùn. Ó wá àyè jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, ó sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n òun máa gba iwájú òun kọjá bó ṣe gba iwájú ọkọ òun kọjá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jáde tó rí i, ó dúró. Ó pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré, orúkọ tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ó ní kí ló ń ṣe láàárín àwọn èrò, ó fà á lọ́wọ́ wọ inú ilé lọ́hùn-ún, ó ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja wá. Obìnrin náà kò fẹ́ jẹ ẹ́, àmọ́ kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu látàárọ̀, inú abọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì bu oúnjẹ náà sí, èyí tí etí rẹ̀ fọ́ díẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun, omi sì lé ròrò sí ojú ọkùnrin náà. Ká sọ pé ó ṣépè fún un ni, ì bá mọ ohun tó máa ṣe. Ó ti múra fún èpè láti ilé.

Ẹ̀yìn oúnjẹ ni wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ wá sílẹ̀. Alága ní òun mọ ohun tó bá wá, òun sì ti ń retí rẹ̀, pé ìgbà tí òun dá ọkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò fi ṣe ìkà, òun kàn ń dúró de ìgbà tí àbúrò òun fúnra rẹ̀ máa wá ni. Ó ṣí ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. Ó fi orúkọ àwọn ìdílé tó wà nínú rẹ̀ hàn án, bí wọ́n ṣe tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láti ayé àwọn tó ti kú. Ó ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́. Ó ní bí òun bá fi orúkọ ará ìsàlẹ̀ kan sí i lónìí, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó, kò ní í di ọ̀la kí àwọn ará òkè tó gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ òun, ẹni tí wọ́n bá sì gbé e fún kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ oúnjẹ kó tó lé e jáde.

"Ọmọ rẹ, ọmọ wa ni," ló sọ. "Orúkọ bàbá wa ni màá fún un. Kò tún sí ẹni tó máa bi í léèrè ohunkóhun mọ́ títí ayé."

Ó mú fọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó kọ orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́, ó wá fi orúkọ bàbá tiwọn tì í lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti bi í léèrè ẹ̀sìn, ó kọ ti òkè. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìwé lásán ni, pé ọmọ náà á ṣì máa bá bàbá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bó ti ń lọ. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ní ọjọ́ ìjọsìn tó ń bọ̀, kí obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ wá sókè, kí wọ́n jókòó síwájú, kí ojú àwọn èèyàn lè rí wọn. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ "Bàbá" sí, ó dúró.

"Bí bàbá bá wà láyé, orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Àfi tí bàbá náà ò bá sí mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi wà láyé."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. Ó wo apá ẹ̀wù ara rẹ̀. "Òun ló lọ èyí tí mo wọ̀ yìí."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn èrò níta. Obìnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bi í léèrè ná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ bi í, òun ò ní í dá a dúró, àmọ́ aago ti lé ní ọ̀kan, bọ́ọ̀sì méjì ló sì máa wọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣé ó rò pé ọkọ rẹ̀ máa gbà ni? Kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣé ó wá fẹ́ lọ gbọ́ "rárá" kó lè fi í gbé ẹ̀bi náà lé ọkùnrin náà lórí ni? Ohun tó fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Alága kọ "olóògbé" síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń kọjá lórí omi. Ó wá yí fọ́ọ̀mù náà sí àbúrò rẹ̀, ó fi ìka hàn án ibi tí ìyá ọmọ máa fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ ohun tí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ń ṣe. Wọ́n fún un ní ìwé náà àti ẹ̀dà kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sìn ín dé ẹnu géètì, ohun tí kò ṣe fún un láti gbogbo ọdún yìí wá. Ní bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló rántí pé òun ò dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.

Nọ́ọ̀sì ti ń dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ó gba àyè kúrò ní ilé ìtajà oògùn ará òkè kan tó ti ń bá wọn ta ọjà láti ọdún méjì sẹ́yìn, aṣọ iṣẹ́ sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀ lókèèrè, ó sáré wá pàdé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló ti tò jọ sẹ́nu nínú bọ́ọ̀sì: pé kó má bínú, pé ọ̀nà mìíràn ò sí, pé bó bá di nọ́ọ̀sì tán wọ́n á wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ó ní kó kọ́kọ́ kà á.

Ọmọ náà kà á. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó mi orí bí ẹni tó rí ohun tó ń retí.

"Ó dáa," ló sọ.

"Inú ò bí ẹ?"

"Màámi, mo ti ń jẹ́ ẹ. Òun ni mo kọ síbi iṣẹ́. Bí mi ò bá kọ ọ́, wọn ò ní í gbà mí." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ ọ̀nà fún àlejò. "Ẹ ṣáà má sọ fún Bàámi."

Ìyá rẹ̀ gbá ògiri mú. Láti òwúrọ̀ ló ti ń gbé ẹrù kan káàkiri ìlú, tó ń rò pé òun nìkan ló mọ bó ṣe wúwo tó, ọmọ náà sì ti gbé e tán láti ọdún méjì láìbá ẹnikẹ́ni sọ. Ó rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ yìí ń wọlé, tí wọ́n ń bi í pé báwo ni ibi iṣẹ́, tó ń ní dáadáa ni. Kò mọ ohun tó yẹ kí òun bi í nígbà náà tí òun ò bi í.

Ọmọ náà ti ń kà á lọ. Ó dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ó kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ wá yí padà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Mi ò mọ̀ pé a máa nílò èyí," ló sọ.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Wọ́n wọlé.

Obìnrin tó ń gba ìwé lórí káńtà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó ti dàgbà díẹ̀, ó sì fi ìgò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi bírò tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ibì kan, ó gbé ojú sókè, ó wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló sọ. "Ṣé ó ti pẹ́ tí bàbá ti kú?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ọmọ náà ló dáhùn.

"Ó ti pẹ́, mà."

"Ọlọ́run á tù yín nínú. Á wà lẹ́yìn yín."

"Àmín," ni ìyá sọ. Àmín náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀, bó ṣe máa ń jáde bí èèyàn bá gbàdúrà fún èèyàn. Akọ̀wé náà lu òǹtẹ̀ sórí ìwé, ó sì pe ọmọ náà ní orúkọ tuntun rẹ̀, ó ní kó padà wá ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọmọ náà dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ronú.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà sílé, wọ́n jókòó tira wọn. Ìyá fẹ́ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, àmọ́ ọmọ náà gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ìròyìn ti dé ilé kí wọ́n tó dé, bóyá ojú wọn ni Onígbàjámọ̀ kà lókèèrè. Ó ti jáde síta, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sí Nọ́ọ̀sì, ó ní nígbà tí ọwọ́ òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí abẹ, Nọ́ọ̀sì ló máa wá tọ́jú òun. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà ní òun ti mọ̀ pé á bọ́ sí i. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fi omi fọ̀, ẹ̀gbọ́n kì í wo àbúrò kó kọjá. Ẹni tó fi òwe bú u láàárọ̀ ló ń fi òwe kí i nírọ̀lẹ́. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì wọlé.

Alágbàfọ̀ kò lọ aṣọ. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé àpótí onípákó kan sórí tábìlì ìlọṣọ. Àpótí tó ti wà lábẹ́ ibùsùn wọn tipẹ́ ni. Ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún látòkè délẹ̀, ó gbẹ, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín àti ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ara rẹ̀, orúkọ tó fún un àti orúkọ ìdílé rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti kọ ọ́ tán. Ó kàn ń tún ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ṣe ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára gan-an; ká ní nǹkan ṣẹnuure fún un láti kékeré, ìdí ìwé ni ì bá wà.

"Mo gbọ́ ohùn wọn níta," ló sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. "Ó fọwọ́ sí i?"

"Ó fọwọ́ sí i."

"Báwo lo ṣe bẹ̀ ẹ́?"

Ó ní òun kàn bẹ̀ ẹ́ ni. Alágbàfọ̀ ní ẹ ò rí i, pé òun ti sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin náà láìdáa lọ́kàn òun, pé bí aṣọ rẹ̀ bá dé lọ́sẹ̀ yìí òun máa fọ̀ ọ́ fi tọrọ àforíjì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó na ọwọ́ náà sí ọmọ rẹ̀. Ó ní kó fún òun ní ìwé náà kí òun fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, Bàámi," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Wọn kì í dá a padà."

Irọ́ náà rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi mímu. Kò wolẹ̀, kò sì kólòlò. Ó tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀, ẹ̀rín tó dára, Alágbàfọ̀ sì ti ń gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìyá rẹ̀ tó dúró tì wọ́n ni ẹ̀rù bà. Kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ló bà á lẹ́rù mọ́. Bí ọmọ náà ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó rí gbogbo ọdún tó ń bọ̀ níwájú, tí ọmọ náà yóò máa wọlé, tí yóò máa rẹ́rìn-ín báyìí, tí yóò máa ní dáadáa ni.

Ìyá náà ṣí àpò rẹ̀, ó mú ẹ̀dà ìwé náà jáde, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì pè é pé, "Màámi." Kò wo ẹ̀yìn.

Alágbàfọ̀ gbé ìwé náà lọ sí ẹnu fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó kà á bí ó ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan, díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Wọ́n rí i nígbà tí ètè náà dúró. Ní ìta, ẹnì kan ń bá Ìyá Oníbúrẹ́dì ná ọjà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bi wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

Obìnrin náà ń retí pé kó pariwo. Ó ń retí pé kó ya ìwé náà, kó ju búrọ́ọ̀ṣì, kó lé òun jáde. Ì bá gbà á, ì bá tiẹ̀ dúpẹ́. Ọkùnrin náà ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi ìka tẹ ojú ìká náà kó mú, bó ṣe ń ṣe sí ọrùn ẹ̀wù, ó sì dá a padà fún un. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún, omi ń ṣàn, kò nù ún.

"Má sunkún," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Ṣé wọ́n ṣáà ti gbà ẹ́?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó mú ìgò kẹrosíìnì ní abẹ́ tábìlì, ó da díẹ̀ sórí àkísà. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ, kò bá a jà. Orúkọ tó fún ọmọ náà, kò fọwọ́ kàn án. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń nù, ó ń nù ún láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, títí funfun náà fi di eérú, tí eérú náà sì di àwọ̀ ewé padà. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, pé àpótí kì í ṣe ìwé, pé kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ó ní wọ́n máa wò ó. Ó ní inú yàrá tí wọ́n ti ń sùn ní ogún-ogún ni àpótí máa wà, kò sì ní í pẹ́ tí àwọn ọmọdébìnrin tó kù máa fi bi í pé orúkọ ta nìyí.

Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró sórí ibi tó nù.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?" ló bi ìyàwó rẹ̀. Kò ní kó ṣí ìwé náà.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkùnrin yìí, kò dárúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ rí. Bàbá náà ló ní bí alágbàfọ̀ bá wá sọ́dọ̀ ọmọ òun, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kó gbà, níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ ìdọ̀tí. Ọkọ rẹ̀ ò bi í ní orúkọ náà rí, òun náà ò sọ ọ́. Ó ti tó ogún ọdún ó lé.

"Sọ ọ́," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Mi ò fẹ́ ṣì í kọ."

Ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní kó tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà wá ń pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí ó kọ ọ̀kan kó tó pe ìkejì. Ọkùnrin náà sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára jù tó ní. Nígbà tó parí, ó tún ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ṣe, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i, ó gbé àpótí náà kúrò lórí tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ.